Ọdẹ Anìkànrìn: Ìtàn Akọni Ọkùnrin Gẹ́gẹ́ Bí Àmì Ìdánimọ̀ Orílẹ̀-Èdè

Ìfáàrà

Nínú ìtàn tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń sọ nípa ara wọn, ọkùnrin kan ṣoṣo ló máa ń dá dúró láàárín igbó tàbí lórí pápá. Kò sí ẹbí lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ìyàwó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó rán an níṣẹ́. Agbára rẹ̀ àti ohun ìjà ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló gbójú lé. Bí ìtàn náà bá parí, a ó sọ fún àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè náà pé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà jẹ́, àti pé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ló dá ilẹ̀ wọn sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin náà ni adaran-màlúù orí ẹṣin. Ní Argẹntínà, ó jẹ́ gáúchò. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọdẹ ni.

Ìtàn ìwáṣẹ̀ ni irú ìtàn báyìí. Ohun tí a ní lọ́kàn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ìtàn ìwáṣẹ̀ ni ìtàn tí àwùjọ fi ń ṣàlàyé bí òun ṣe bẹ̀rẹ̀ àti ohun tí òun kà sí ìwà rere. Ó lè ní òótọ́ nínú, ṣùgbọ́n ó máa ń yan ohun tí yóò sọ, ó sì máa ń yan ohun tí yóò fi pamọ́. Àfojúsùn iṣẹ́ yìí ni láti wo ohun tí ìtàn ọdẹ anìkànrìn ń sọ àti ohun tí ó ń fi pamọ́ nínú ìtàn ìtẹ̀dó àwọn ìlú Yorùbá, nínú ìwé D. O. Fágúnwà, àti nínú ọ̀nà tí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà gbà lo ìtàn náà lẹ́yìn òmìnira. Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni pé àṣà Yorùbá mọ ọdẹ anìkànrìn dáadáa, ó sì bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n kò fìgbà kan gbà pé ìrìn ẹnì kan tó láti dá ìlú sílẹ̀ tàbí láti gbà á là. Ibi tí a ti gbàgbé apá kejì yìí ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bí Ìtàn Ọkùnrin Anìkànrìn Ṣe Ń Dìde

Kí a tó wọ inú igbó Yorùbá, ó yẹ kí a yẹ àpẹẹrẹ méjì wò láti ilẹ̀ òkèèrè, nítorí pé wọ́n fi ìgbà tí irú ìtàn yìí máa ń dìde hàn kedere.

Ní ọdún 1893, ní ìlú Chicago, onímọ̀ ìtàn Frederick Jackson Turner ka bébà kan níwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìtàn Amẹ́ríkà. Ó ní ààlà ilẹ̀ tí àwọn aláwọ̀ funfun ń sún sí ìwọ̀-oòrùn láti ìran dé ìran ló sọ ará Amẹ́ríkà di ẹni tó gbára lé ara rẹ̀, tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ gàba lé òun lórí. Ọ̀rọ̀ yìí gbilẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ètò ìkànìyàn ọdún 1890 ti kéde ṣáájú pé kò sí ààlà bẹ́ẹ̀ mọ́. Èyí ni pé ìgbà tí ayé náà ti parí ni wọ́n wá sọ ọ́ di orírun ìwà orílẹ̀-èdè. Bákan náà ni ti adaran-màlúù. Láàárín ogún ọdún ó lé díẹ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ni iṣẹ́ dída agbo màlúù láti Texas lọ sí àríwá gbilẹ̀, kí ọkọ̀ ojú irin àti wáyà ẹlẹ́gùn-ún tó pa á rẹ́. Ọdún 1902 ni Owen Wister tẹ ìwé The Virginian jáde, èyí tí ó sọ adaran-màlúù di akọni orílẹ̀-èdè, sinimá sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ìwé.

Nígbà tí adaran-màlúù wà láyé gan-an, kì í dá rìn. Alágbàṣe ni. Àwọn bíi mẹ́wàá tàbí méjìlá ló ń da agbo kan pọ̀, pẹ̀lú alásè àti ọ̀gá tí ó ń san owó fún wọn. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, púpọ̀ sì jẹ́ ará Mẹ́síkò. Ilẹ̀ tí wọ́n ń rìn kọjá kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo, àwọn ọmọ onílẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀ kí ọmọ ogun ìjọba tó lé wọn. Òfin ìjọba ọdún 1862 ló sì ń pín ilẹ̀ fún àwọn tí ó wá tẹ̀dó. Ìjọba, ọmọ ogun, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, alágbàṣe dúdú, àti àwọn onílẹ̀ gan-an: gbogbo wọn pòórá nínú ìtàn, ó wá ku ọkùnrin funfun kan lórí ẹṣin. Ní ọdún 1981, Nina Baym fi hàn pé àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ náà ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀: nígbà tí wọ́n ti gbà pé ìtàn ọkùnrin tí ó sá fún àwùjọ ni ìtàn Amẹ́ríkà gan-an, ìwé àwọn obìnrin di ohun tí kò lè ṣojú orílẹ̀-èdè náà mọ́.

Ní Argẹntínà, José Hernández tẹ ewì rẹ̀ nípa gáúchò Martín Fierro jáde ní ọdún 1872, ó sì tẹ apá kejì ní 1879. Ẹ̀dùn ọkàn ni ewì náà, nípa ọkùnrin tí ìjọba fi tipátipá mú wọ iṣẹ́ ológun, tí ilé rẹ̀ sì túká. Ní ọdún 1913, nígbà tí àwọn àjèjì láti Ítálì àti Sípéènì ti kún Buenos Aires, Leopoldo Lugones wá sọ ọ́ di ewì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè. Gáúchò tí ìjọba ń lépa tẹ́lẹ̀ di àmì ìjọba náà.

Àpẹẹrẹ méjèèjì fi ìlànà kan náà hàn. Èkíní, ìgbà tí ọkùnrin náà ń parẹ́ tàbí tí ó ti parẹ́ ni wọ́n máa ń gbé e gorí àlééfà. Èkejì, bí wọ́n ṣe ń gbé e ga ni wọ́n ń pa àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ rẹ́. Ẹ̀kẹta, òpin ìtàn rẹ̀ ni kí ó fi ìlú sílẹ̀. Bí fíìmù Shane ti ọdún 1953 ṣe parí nìyẹn: akọni gba ìlú là, ó sì gun ẹṣin rẹ̀ lọ.

Ọdẹ Nínú Ìtàn Ìtẹ̀dó

Ẹni tí ó bá ń ka ìtàn ìtẹ̀dó àwọn ìlú Yorùbá kò ní pẹ́ pàdé ọdẹ. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ọdẹ ló mọ igbó, òun ló mọ ibi tí omi wà, òun ló mọ ọ̀nà tí ẹran ń gbà àti ọ̀nà tí ọ̀tá lè gbà wọlé. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣí ìlú lọ sí ibòmíràn, ọwọ́ ọdẹ ni yóò ti gbọ́ ìròyìn ibẹ̀. Nítorí náà, ìtàn tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọdẹ ní òótọ́ iṣẹ́ àti òótọ́ ilẹ̀ nínú.

Ẹ jẹ́ kí a wo Ògbómọ̀ṣọ́. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Ògúnlọlá, ọdẹ àti tafàtafà, ló tẹ̀dó sí abẹ́ igi àjàgbọn. Bí a bá dúró níbẹ̀, ìtàn ọkùnrin kan ṣoṣo la ní lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò dúró níbẹ̀. Ó ní Ògúnlọlá rí i pé àwọn ọdẹ mìíràn wà nítòsí, ó wá wọn lọ, wọ́n sì jọ dá ẹgbẹ́ Alóǹgọ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ni láti jọ ṣọdẹ, láti dáàbò bo ara wọn lọ́wọ́ àwọn akónilẹ́rú, àti láti ran ara wọn lọ́wọ́. Ìtàn náà kò sì gbàgbé ìyàwó Ògúnlọlá tí ó ń ta ọtí, èyí tí ó ń mú kí àwọn ènìyàn máa péjọ sí ilé wọn. Lẹ́yìn èyí ni Ògúnlọlá pa jagunjagun tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, tí ó ń da Ọ̀yọ́ láàmú, ó sì gbé orí rẹ̀ wá fún Aláàfin. Láti inú iṣẹ́ yìí ni wọ́n ti ṣàlàyé orúkọ ìlú náà. Orúkọ ìlú rántí ẹni tí ó gbé orí ọ̀tá. Ìtàn rántí ẹgbẹ́ àti ibi ìpéjọ. Bí ènìyàn bá mú orúkọ nìkan, akọni kan ni yóò rí. Bí ó bá mú ìtàn pọ̀ mọ́ ọn, ìlú ni yóò rí.

Ìtàn Òṣogbo tún lọ síwájú sí i. Ọdẹ ni Olútìmẹ́hìn, òun àti Lároóyè ni ìtàn sì dárúkọ pé wọ́n kó àwọn ènìyàn wọn wá sí etí odò nígbà tí ọ̀dá omi mú wọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣán igbó, igi kan wó sínú odò, a sì gbọ́ ohùn láti inú ibú pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró. Ọ̀ṣun ló ni ohùn náà. Ìtumọ̀ èyí jinlẹ̀. Igbó tí ọdẹ rò pé òun kọ́kọ́ dé kì í ṣe igbó òfìfo. Ẹnì kan ti wà níbẹ̀, obìnrin ni, ó sì ní iṣẹ́ lọ́wọ́: aró ni ó ń rẹ. Dípò kí akọni bá a jà, májẹ̀mú ni wọ́n bá a dá. Títí di òní, arugbá, ọmọbìnrin tí ó ru igbá ẹbọ lọ sí odò, ni ojú gbogbo ènìyàn ń wò lọ́jọ́ ọdún Ọ̀ṣun. UNESCO fi igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo sínú àkójọ ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005. Ní Amẹ́ríkà, ìtàn ìtẹ̀dó pa onílẹ̀ rẹ́. Ní Òṣogbo, ìtàn ìtẹ̀dó sọ onílẹ̀ di ẹni tí ọba ń lọ bọ lọ́dọọdún.

Ohun Tí Iṣẹ́ Ọdẹ Jẹ́ Gan-an

Òótọ́ ni pé ọdẹ máa ń dá wọ igbó lóru, tòun ti àtùpà orí rẹ̀. Òótọ́ sì ni pé ó lè lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú igbó nígbà tí ó bá dẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ọdẹ tí kò ní ọ̀gá tí ó kọ́ ọ níṣẹ́, kò sì sí ìlú tí kò ní olúọ́dẹ. Alágbẹ̀dẹ ló rọ ìbọn àti ọfà rẹ̀, babaláwo tàbí oníṣègùn ló fún un ní oògùn, ajá rẹ̀ ń bá a tọpa ẹran, ìyàwó rẹ̀ ni yóò yan ẹran, ni yóò sì gbé e lọ sọ́jà. Láìsí ọjà, ọdẹ ò lè ra ẹ̀tù. Òwe tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ tí ó bá ro ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnì kan jẹ. Òwe náà mọ̀ pé ìyà ọdẹ pọ̀, ó sì mọ̀ pé ìyà náà lè mú kí ó rò pé òun nìkan ló ni ẹran. Ohun tí ó ń yìn ni pé ọdẹ kì í rò bẹ́ẹ̀.

Lítíréṣọ̀ alohùn ọdẹ náà jẹ́rìí sí èyí. Ìjálá, tí Adébóyè Babalọlá ṣe iṣẹ́ ìwádìí kíkún lé lórí nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1966, kì í ṣe orin tí ọdẹ ń dá kọ sí ara rẹ̀ nínú igbó nìkan. Ibi ayẹyẹ ni wọ́n ti ń sun ún, níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ tí ó lè dá asunjálá dúró, kí wọ́n sì sọ pé ó ṣì í sọ. Ọgbọ́n rẹ̀ gbọ́dọ̀ yege lójú ẹgbẹ́. Bí ọdẹ bá sì kú, ẹgbẹ́ ni yóò ṣípà fún un. Wọ́n á sun ìrèmọ̀jé, wọ́n á kó ohun èlò ọdẹ rẹ̀ jọ, wọ́n á gbé e lọ sínú igbó, kí òkú má baà dúró láàárín ilé àti igbó. Bádé Ajúwọ̀n ṣàlàyé ètùtù yìí lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó jọ pé ó ń dá rìn jù lọ láyé ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sin jù lọ nígbà tí ó bá kú.

Àkàrà-Oògùn: Láti Ìrìn Ẹnì Kan Dé Ìrìn Ẹgbẹ́

Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní ọdún 1938. Fágúnwà, ọmọ bíbí Òkè-Igbó, kọ ọ́ ní àkókò tí ọ̀nà ọkọ̀, ilé ẹ̀kọ́ ìjọ àti oko kòkó ń sọ igbó ńlá di ohun mìíràn. Èyí bá ìlànà tí a rí ní Amẹ́ríkà àti Argẹntínà mu: ìgbà tí igbó bẹ̀rẹ̀ sí í tán ni ọdẹ wọ inú ìwé. Ìyàtọ̀ kan wà ṣá o. Ọdẹ Yorùbá kò parẹ́. Ó ṣì ń ṣọ́de ní àdúgbò lóru nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń kà nípa rẹ̀ lọ́sàn-án.

Bí a bá wo ọ̀nà tí a gbà tò ìtàn náà, apá méjì ni ó ní. Ní apá kìíní, Àkàrà-Oògùn dá wọ igbó irúnmalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó pàdé Àgbákò àti oríṣiríṣi ẹbọra. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé ìrìn àdárìn yìí kò mú èrè kan bá ìlú. Ó fi ìgboyà hàn, ó fi oògùn hàn, ó sì fi àìgbọ́n hàn pẹ̀lú. Kì í sì í ṣe agbára Àkàrà-Oògùn nìkan ló yọ ọ́. Lẹ́yìn wàhálà Àgbákò, obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ gan-an túmọ̀ sí ìrànlọ́wọ́ ló dìde sí ọ̀ràn rẹ̀.

Apá kejì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọba ránṣẹ́ pè é. Iṣẹ́ tí a rán an ni pé kí ó lọ sí Òkè Láńgbòdó, kí ó sì gba ohun tí yóò mú àlàáfíà bá ìlú wá lọ́wọ́ ọba ibẹ̀. Ọdẹ tí ó ti dá lọ dá bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kò gbà láti dá lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ní kí wọ́n wá àwọn mìíràn kún òun. Báyìí ni Kàkó oníkùmọ̀ ẹkùn, Ìmọ̀dòye, Olóhùn-iyọ̀, Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-ọdẹ, Èfòyè tafàtafà àti Àràmàǹdà-òkùnrin ṣe wọ inú ìtàn. Ẹ̀bùn ẹnì kan kò jọ ti ẹnì kejì. Níbi tí agbára Kàkó bá ti pin, ohùn Olóhùn-iyọ̀ ni yóò tu ọ̀tá lójú. Níbi tí orin kò bá ti lè ṣe é, ọgbọ́n Ìmọ̀dòye ni yóò wọlé. Àwọn orúkọ wọn gan-an dà bí ìmọ̀ràn nípa bí a ṣe ń kọ́ àwùjọ. Nígbà tí wọ́n sì dé ilé Ìrágbèje, ọjọ́ méje ni wọ́n fi jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́. Àwọn ọdẹ gbé ohun ìjà sílẹ̀, wọ́n di akẹ́kọ̀ọ́.

Òmíràn tún wà. Ìtàn náà kò parí pẹ̀lú ọkùnrin tí ó ń gun ẹṣin lọ. Àkàrà-Oògùn padà wálé, ó darúgbó, ó sì tọ òǹkọ̀wé kan wá pé kí ó mú gègé àti ìwé, kí ó kọ ohun tí òun yóò sọ sílẹ̀. Ará ìlú péjọ láti gbọ́ ọ. Nínú ètò ìrònú yìí, ọdẹ tí kò bá padà wá sọ ìtàn rẹ̀ kò tíì ṣe ọdẹ tán. Ìpadàbọ̀ àti ìròyìn ló ń sọ ìrìn ẹnì kan di ohun ìní gbogbo ènìyàn.

Láti Láńgbòdó Dé Pápá Orílẹ̀-Èdè

Ní ọdún 1968 ni ìtumọ̀ tí Wọlé Ṣóyínká ṣe sí ìwé Fágúnwà jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Láti inú rẹ̀ ni Wálé Ògúnyẹmí ti mú eré-oníṣe Láńgbòdó, èyí tí Nàìjíríà gbé kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí eré tirẹ̀ níbi àjọ̀dún FESTAC ní Èkó ní ọdún 1977, lábẹ́ ìdarí Dàpọ̀ Adélugbà. Báyìí ni ọdẹ Òkè-Igbó ṣe di aṣojú orílẹ̀-èdè níwájú àwọn ènìyàn dúdú àgbáyé, ní ọdún keje lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Ohun tí wọ́n mú lọ sí pápá kì í ṣe apá kìíní ìwé náà, níbi tí akọni ti ń dá rìn; apá kejì ni, níbi tí àwọn tí ẹ̀bùn wọn yàtọ̀ ti gbọ́dọ̀ jọ rìn kí àlàáfíà tó lè wọlé. Fún orílẹ̀-èdè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ba ara rẹ̀ jà tán, yíyàn náà kò ṣe é fojú kéré.

Ní ọdún kan ṣáájú èyí, ní 1976, Ṣóyínká tẹ àwọn àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí ìtàn ìwáṣẹ̀ àti lítíréṣọ̀ jáde. Nínú wọn, Ògún ni ó gbé sí àárín: òrìṣà tí ó kọ́kọ́ dá la ọgbun tí ó wà láàárín àwọn òrìṣà àti ènìyàn kọjá. Èyí súnmọ́ ọkùnrin anìkànrìn ju ohunkóhun mìíràn lọ nínú ìrònú Yorùbá òde òní. Ṣùgbọ́n ìtàn Ògún gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ṣe ń pa á kò dákẹ́ lórí ewu tí ó wà níbẹ̀. Òótọ́ ni pé òun ló fi àdá irin la ọ̀nà nígbà tí àwọn òrìṣà ń bọ̀ láti òde ọ̀run. Òótọ́ sì ni pé ní Ìrè, nígbà tí inú bí i, àwọn ènìyàn tirẹ̀ ni ó fi idà náà pa, kí ojú rẹ̀ tó wálẹ̀, kí ó sì wọlẹ̀ lọ. Ìtàn kan náà ló ń yin ẹni tí ó lànà, òun náà ló sì ń kìlọ̀ pé idà tí kò ní ẹni tí ó lè dá a dúró lè yí sí ilé. Ẹni tí ó bá mú ìdajì ìtàn yìí ṣe àmì orílẹ̀-èdè ti ju ìdajì tí ó wúlò jù nù.

Àwọn Obìnrin Tí Ìtàn Fi Sílẹ̀

A kò gbọdọ̀ fi èyí sọ pé ìtàn ọdẹ Yorùbá kò ní àbùkù. Inú ìwé Fágúnwà kan náà ni Kàkó ti pa obìnrin tí ó fẹ́ fi ṣaya nítorí pé ó dì mọ́ ọn, kò sì fẹ́ kí ó lọ. Ìtàn náà kò dúró pẹ́ lórí òkú rẹ̀. Ìrìn gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú. Ìyá Àkàrà-Oògùn pàápàá, àjẹ́ ni ìwé náà pè é, ìbọn ọkọ rẹ̀ ló sì pa á nígbà tí ó wà ní àwọ̀ ẹran. Ẹgbẹ́ tí ó lọ sí Láńgbòdó jẹ́ ẹgbẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí obìnrin kan nínú wọn. Ìtàn tí ó borí ìwà àdánìkànṣe kò borí ìwà ọkùnrin-nìkan.

Síbẹ̀, àwọn ìtàn mìíràn wà tí ó lè dá èyí lóhùn. Nínú ìtàn ọdẹ tí ó rí Ọya níbi tí ó ti ń bọ́ awọ ẹfọ̀n, ọlà ilé ọdẹ náà dúró lórí àṣírí obìnrin. Ọjọ́ tí wọ́n tú àṣírí náà ni ilé náà dàrú. Mọ́remí ni ìtàn Ifẹ̀ sọ pé ó dá lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀tá láti mọ àṣírí wọn, ère rẹ̀ sì wà ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 2016. Ní Òǹdó, obìnrin ni ìtàn sọ pé Ọ̀ṣemàwé àkọ́kọ́, Púpùpú, jẹ́. Odùduwà pàápàá, tí ẹgbẹ́ òṣèlú àti àṣà ti ọ̀rúndún ogún gbé ga gẹ́gẹ́ bí baba ńlá kan ṣoṣo, ní àwọn ìtàn kan ní apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá tí ó kà á sí obìnrin. Nígbà tí a dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1945, baba kan ni wọ́n nílò tí gbogbo ìlú tí ó ti bá ara wọn jagun lè pè ní tiwọn. Ohun tí wọ́n fi ìtàn náà ṣe wúlò fún ìṣọ̀kan. Ṣùgbọ́n yíyàn ni, ohun tí a bá sì yàn, a lè tún un yẹ̀ wò.

Ìgúnlẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé nìkan. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2020, àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà ṣí ètò ààbò Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn, àwọn ọdẹ sì wà lára àwọn tí a gbà síṣẹ́. Ọdẹ tún padà di ẹni tí a gbójú lé láti ṣọ́ ààlà ilẹ̀ àti oko. Ìbéèrè tí ìtàn ìwáṣẹ̀ gbé síwájú wa nígbà náà ni pé: ọdẹ wo ni a ní lọ́kàn? Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin anìkànrìn tí kò ní ẹni tí yóò bi í, Ìrè ti sọ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ní olúọ́dẹ, tí ó ń padà wá jíṣẹ́, tí ará ìlú sì lè dá lóhùn bí ẹgbẹ́ ṣe ń dá asunjálá dúró, a jẹ́ pé ogún gidi ni a gbé lé e lọ́wọ́.

Bákan náà ni ti òṣèlú. Àwùjọ tí a ti kọ́ pé ọkùnrin alágbára kan ló dá ìlú sílẹ̀ kò ní pẹ́ máa retí ọkùnrin alágbára kan tí yóò wá tún un ṣe. Àwọn ìtàn tí a gbé yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí kò kọ́ni bẹ́ẹ̀. Ògúnlọlá wá àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ rí kí ó tó ní ìlú. Àwọn tí ó tẹ Òṣogbo dó bá ẹni tí ó ni omi dá májẹ̀mú kí wọ́n tó kọ́ ilé. Àkàrà-Oògùn béèrè fún ẹgbẹ́ kí ó tó gba iṣẹ́ ọba. Iṣẹ́ tí ó kù fún àwọn onímọ̀ ni láti máa ka àwọn ìtàn wọ̀nyí tán, kí wọ́n má dúró sí ibi tí ọdẹ ti ń wọ igbó lọ. Igi kan kò lè dá igbó ṣe, ẹnì kan kì í sì í jẹ́ àwá dé.